Ilé àyágbé ní ìgbèríko Ludlow fún ọjọ́ mẹ́rin: kí ni kí a dì lọ, kí sì ni kí a rà níbẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Dagenham) béèrè pé:

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú òtútù tó ti ń wọlé bọ̀ yìí. Mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ máa ń yá ilé láti fi sinmi ní ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ jẹ lógún nígbà tí ẹ bá rin irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀.

Ní ìsinmi àárín táàmù tó ń bọ̀, ní ìparí oṣù kẹwàá, a ó lọ sí ilé kékeré kan tí a ti sanwó rẹ̀, tó jìnnà tó nǹkan bíi máìlì mẹ́ta sí ìlú Ludlow ní Shropshire, lẹ́bàá ibodè Wales. Ọjọ́ Ajé la ó dé, àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì la ó sì kúrò. Ẹni mẹ́fà ni wá: èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò mi ọkùnrin, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n dé láti Abẹ́òkúta ní oṣù tó kọjá. Àwa fúnra wa la ó máa se ohun tí a ó jẹ. Ohun tó mú wa yan ilé dípò hòtẹ́ẹ̀lì nìyẹn, nítorí pé Màmá kì í jẹ oúnjẹ tí wọn kò bá mọ ọwọ́ tó sè é.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní agbègbè mìíràn, ló mú mi béèrè. Mo di odidi ilé ìdáná wa sínú búùtù mọ́tò: iṣu méjì, kúlà kan tí ọbẹ̀ ata kún inú rẹ̀, ìrẹsì, gaàrí, panla, adìẹ dídì, kódà mo gbé àlùbọ́sà dání, bí ẹni pé àlùbọ́sà kì í hù ní oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àgùntàn ń jẹko lẹ́yìn fèrèsé wa. Àgbẹ̀ kan ń ta ẹyin lórí tábìlì ní ẹnu géètì rẹ̀, ó gbé agolo kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí oníkálukú máa ju owó sí i, kí ó sì mú ẹyin tirẹ̀ lọ. Àwa jókòó sínú ilé, à ń jẹ oúnjẹ Dagenham. Aago èéfín ilé náà ké ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ní ọjọ́ tí mo dín ata, títí tí aládùúgbò fi wá kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bi mí pé kí ni àwọn ará ibẹ̀ máa ń jẹ, n kò sì rí nǹkan kan sọ fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí ó yàtọ̀. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé ìlú oúnjẹ ni Ludlow. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 76 ni Màmá, láfún àti ewédú ni oúnjẹ wọn, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò ní fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ ọ̀dùnkún bíbọ̀. Kí ni kí n dì lọ, kí ni kí n fi sílẹ̀, kí sì ni ó yẹ kí n rà níbẹ̀ ní irú àkókò yẹn, kí Màmá lè jẹun yó, kí àwọn ọmọ sì lè mọ adùn ilẹ̀ náà?

Bàbá Ọlọ́dẹ (Wolverhampton) fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín. Ẹ kò mọ̀ bí ẹ ti ṣe oríire tó pé ìparí oṣù kẹwàá lẹ yàn, nítorí pé ìgbà ẹran ìgbẹ́ nìyẹn. Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, ọmọ ọdẹ ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń lọ sí agbègbè Ludlow láti ibí, nítorí pé kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ pẹ̀lú mọ́tò.

Ẹyẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní pheasant, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó adìẹ, tí ìrù rẹ̀ gùn, tí akọ rẹ̀ sì ní ojú pupa àti ọrùn tó ń kọ mọ̀nà bí ẹ̀yìn kòkòrò. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni yìnbọn fún un àfi láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá títí di ọjọ́ kìíní oṣù kejì. Ti àparò ilẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú ìyẹn. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ, ẹ ó bá pheasant lọ́dọ̀ alápatà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìyẹ́ lára rẹ̀, tí wọ́n so wọ́n ní méjì méjì, akọ kan àti abo kan. Brace ni wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bẹ alápatà, yóò bá yín tu ìyẹ́ rẹ̀, yóò sì là á.

Ẹran rẹ̀ kò ní ọ̀rá, bí ẹ bá yan án bí wọ́n ṣe ń yan adìẹ ńlá, yóò gbẹ bí igi. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bo àyà rẹ̀ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó lọ́ràá. Tiwa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi àlùbọ́sà, iyọ̀ àti ata gígún díẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí iná tí kò le, kí ẹ tó dà á sínú ọbẹ̀ tó ní epo pupa àti irú. Epo náà ni yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀rá. Ẹni tó bá ti jẹ àgbébọ̀ adìẹ ilẹ̀ wa rí kò ní ṣàì mọ irú eyín tí a fi ń jẹ ẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́ra fún, ọta. Ọta wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń pa ẹyẹ, òjé ni wọ́n sì fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ó rántí bí a ṣe máa ń rọra jẹ ẹran ìgbẹ́ ní ilé kí ọta má bàa ṣẹ́ eyín ẹni. Bẹ́ẹ̀ náà ni níhìn-ín. Àwọn tó ń mójú tó oúnjẹ fún ìjọba ilẹ̀ yìí tilẹ̀ gba àwọn ọmọdé àti aboyún nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín ẹran tí wọ́n fi ọta òjé pa kù. Nítorí náà ẹ bù u fún àwọn ìbejì níwọ̀nba, kí ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá inú ẹran náà dáadáa.

Fún àwọn ọmọ, ohun tí èmi yóò rà ni àgbọ̀nrín. Ọta kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pa á, alápatà a sì gé ibi tí ọta náà bà sọnù. Igbó ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú Ludlow tí wọ́n ń pè ní Mortimer Forest, àgbọ̀nrín pọ̀ níbẹ̀, irú kan sì wà láàárín wọn tí irun rẹ̀ gùn ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èyí tí igbó yìí gbajúmọ̀ fún. Kí n sọ òótọ́, àgbọ̀nrín tiwọn kì í ṣe ìran kan náà pẹ̀lú èyí tí bàbá mi ń pa ní Òkè-Ògùn: ìwo tiwọn a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a sì hù, nígbà tí ìwo ti ilé kì í já. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Ẹ ra ejìká rẹ̀, ẹ má ra ibi tó rọ̀ tó sì wọ́n, nítorí pé ejìká ló ń gba ata. Ẹ fún un ní wákàtí méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí Màmá bá sì ń béèrè ọ̀yà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó ẹran láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ yìí, yálà tútù tàbí gbígbẹ, nítorí náà kò sí ọ̀nà tí ọ̀yà fi lè dé Shropshire. Ẹ bá wọn wá ehoro ìgbẹ́ tàbí ẹtù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹtù gan-an, àwọn kan ń sìn ín lóko níhìn-ín.

Alásè (Cardiff) fèsì pé:

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ẹran ti wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n; ti ilé ìdáná ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni irú ìsinmi yìí ti máa ń bàjẹ́.

Kí ẹ tó di ohunkóhun, ẹ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ bi í léèrè irú sítóòfù tó wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ induction, ìkòkò alumíníọ̀mù kò ní gbóná lórí rẹ̀ bó ti wù kí ó pẹ́ tó, nítorí pé agbára mágínẹ́ẹ̀tì ló fi ń mú ìdí ìkòkò gbóná. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan lára fìríìjì yín, kí ẹ fi kan ìdí ìkòkò tí ẹ fẹ́ gbé lọ; bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìkòkò náà yóò ṣiṣẹ́. Mo gbé ìkòkò tí mo jogún lọ́wọ́ ìyá mi lọ sí ilé kan ní Pembrokeshire láìṣe àyẹ̀wò yìí, inú páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin ni mo sì ti ro àmàlà fún ènìyàn mẹ́rin, mo ro ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó kárí. Ọkọ mi kò tíì yé sọ ọ́ títí di òní.

Àwọn ilé àtijọ́ mìíràn ní sítóòfù onírin ńlá tí wọ́n ń pè ní Aga, tí kì í kú tọ̀sán tòru. Ẹ má jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Gustaf Dalén, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Sweden, ló ṣe é jáde ní ọdún 1922. Ojú rẹ̀ ti fọ́ nínú ìjàm̀bá kan ní ọdún 1912, ọdún náà gan-an tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel, ó sì fẹ́ sítóòfù tí kò ní máa gba ìtọ́jú ní gbogbo ìgbà. Ojú iná méjì ni ó sábà máa ń ní lókè, ọ̀kan gbóná gan-an, èkejì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìdérí wọn kò gbọdọ̀ pẹ́ ní ṣíṣí, nítorí pé ooru inú rẹ̀ ni ẹ ń dà nù. Ààrò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ se ejìká àgbọ̀nrín ń wá. Ẹ gbé e síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sùn, kí ẹ pa ojú ìkòkò dé, ní òwúrọ̀ ẹran náà yóò máa bọ́ kúrò lára egungun fúnra rẹ̀.

Ní ti aago èéfín, ibi tí ẹ ti ṣe àṣìṣe ni pé ẹ lọ dín ata níbẹ̀. Ilé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, òrùlé wọn kò ga, fèrèsé wọn kéré, kò sí ibi tí èéfín ń gbà jáde. Ẹ lọ ata, kí ẹ sì dín in ní Dagenham títí epo yóò fi lé sókè, kí ẹ pín in sínú ike mẹ́rin, ike kan fún ọjọ́ kan, kí ẹ jẹ́ kí ó dì gan-gan nínú fìríìsà kí ẹ tó gbé e. Ata dídì yẹn ni yóò mú kí kúlà yín tutù dé Ludlow, ẹ kò sì ní nílò ẹ̀rọ ìlọta níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá tún béèrè sítóòfù lọ́wọ́ onílé, ẹ béèrè bóyá sókàwéè ni ilé náà ń lò, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ilé oko kò so mọ́ ọ̀pá ìdọ̀tí ìlú. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má da òróró tàbí omi láfún tó ki sínú ihò sínkì. Ẹ fi ìwé inú ilé ìdáná nu ìkòkò kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má gbàgbé ọmọrogùn. Ẹ ó bá ohun èlò tí wọ́n fi ń gé wàràkàṣì mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ wọn, ẹ kò ní bá ọmọrogùn.

Alhaja (Luton) fèsì pé:

Àsàlámù àlékùm. Mo gbádùn ohun tí Bàbá Ọlọ́dẹ kọ, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn tán. Àgbàlagbà tó ti fi ọdún tó lé ní àádọ́rin jẹ láfún kò ní tìtorí ìrìnàjò ọjọ́ mẹ́rin yí ikùn padà. Èmi gbé ìyá mi lọ sí Yorkshire, mo ní kí wọ́n tọ́ gbogbo nǹkan wò, ní ọjọ́ kejì wọn kò jẹ ju búrẹ́dì àti tíì lọ, mo sì wa mọ́tò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti wá ẹ̀lùbọ́ tí n kò rí. Ẹ di láfún tó tó oúnjẹ mẹ́jọ. Ẹ di ewédú gbígbẹ, irú, edé, epo pupa àti ata yín. Gbogbo rẹ̀ kò ju àpò kan lọ, kì í ṣe òun ló kún búùtù yín nígbà yẹn, iṣu àti ìrẹsì ni. Ìgbà tí ọkàn Màmá bá ti balẹ̀ pé oúnjẹ wọn wà nílé ni wọn yóò tó na ọwọ́ sí tàwọn ẹlòmíràn.

Ẹ kò sọ bóyá Mùsùlùmí wà láàárín yín. Bí ó bá wà, ẹ má retí ẹran halal ní irú ìlú kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ Birmingham kọjá bí ẹ bá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló rọrùn láti yà rà á. Ẹ máa bèèrè ohun tó wà nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun wé, nítorí pé àwọn ará Shropshire ní páì kan tí wọ́n ń pè ní fidget pie, tó gbajúmọ̀ gan-an, tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, ápù àti àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a sì fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ po ìyẹ̀fun páì. Sọ́séèjì wọn náà, ẹlẹ́dẹ̀ ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí dúdú sì jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Dagenham):

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ̀wé sí onílé: sítóòfù onígíláàsì ni, kì í ṣe induction, sókàwéè ni wọ́n sì ń lò, bí Alásè ti sọ gẹ́lẹ́. Alhaja, Mùsùlùmí ni àbúrò mi, nítorí náà adìẹ tirẹ̀ yóò bá wa lọ. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí láfún. Ohun tó kù tí mo fẹ́ mọ̀ ni ọjọ́ tí ọjà ń ná, àti bóyá ìlú náà tọ́ sí ariwo tí wọ́n ń pa lórí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì (Shrewsbury) fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ sí agbègbè wa. Iwájú ilé olódi àtijọ́, tí àwọn Norman kọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkànlá, ni ọjà Ludlow wà, ó sì ń ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú, ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nítorí náà ọjọ́rú ni ọjọ́ yín, nítorí pé ẹ ó pẹ́ dé ní ọjọ́ Ajé, ẹ ó sì máa di ẹrù ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjà mìíràn tún wà fún kìkì ohun tí wọ́n ṣe ní agbègbè, ní ọjọ́bọ̀ kejì àti ẹ̀kẹrin nínú oṣù. Ẹ wo kàlẹ́ńdà bóyá ó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yín.

Ariwo náà ní ìdí. Ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 10,000 lọ ni, síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ilé oúnjẹ mẹ́ta níbẹ̀ ló ní ìràwọ̀ Michelin, ẹ̀yẹ ńlá tí wọ́n ń fún ilé oúnjẹ tó dára jù, lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti kó lọ sí ibòmíràn tàbí kí wọ́n ti kógbá sílé, ẹ má wá wọn. Ohun tó kù, tí èmi sì kà sí ju ìràwọ̀ lọ, ni àwọn alápatà tí wọ́n ṣì ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn láàárín ìlú, tí wọ́n sì lè sọ oko tí ẹran kọ̀ọ̀kan ti wá fún yín. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún oúnjẹ nínú ilé olódi náà ní oṣù kẹsàn-án; nígbà àjọ̀dún yìí, àwọn ènìyàn a máa rìn láti ọ̀dọ̀ alápatà kan dé òmíràn, wọn a tọ́ sọ́séèjì wò, wọn a sì dìbò fún èyí tó dùn jù. Ẹ ti pàdánù ìyẹn lọ́dún yìí.

Bí ẹ bá ní ìdajì ọjọ́, ẹ lọ sí Ludlow Farmshop ní Bromfield, kò tó máìlì mẹ́ta sí ìlú. Láti ọdún 2007 ni ó ti wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe wàràkàṣì, búrẹ́dì àti ohun mìíràn níbẹ̀ gan-an. Ní ti wàràkàṣì, ẹ ó rí ọ̀kan tó pọ́n bí ìyeyè, tí iṣan búlúù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Shropshire Blue. Ẹ rà á bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé ìbílẹ̀ ibí ni, nítorí pé Inverness ní Scotland ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní àwọn ọdún 1970. Orúkọ lásán ló bá wa tan.

Fún Màmá, ẹ béèrè ẹran àgùntàn tó ti dàgbà, mutton, ẹ má gba ti ọ̀dọ́. Ìlú Clun kò jìnnà, ibẹ̀ ni àgùntàn olójú dúdú tí wọ́n ń pè ní Clun Forest ti gba orúkọ. Ẹ pe alápatà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí pé kì í sábà wà nílẹ̀. Wọn kò ní fi iná sun awọ rẹ̀ fún yín o, òfin kò gbà á. Àsìkò ápù náà ni. Bí ẹ bá lọ díẹ̀ sí gúsù Ludlow, ẹ ti wọ Herefordshire, níbi tí wọ́n ti ń kó ápù jọ bí òkìtì fún ọtí cider. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ yín fojú òǹgbẹ wo ọtí náà, ó dùn, ṣùgbọ́n ó lágbára.

Ìyá Ìbejì (Dagenham), lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì:

A ti lọ, a ti dé. Mo jẹ yín ní ìròyìn.

Láfún ni a jẹ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, bí Alhaja ti wí, pẹ̀lú ata dídì tó ti wá di ọbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Màmá wo ìkòkò, wọ́n wo mi, wọ́n ní, "O gbọ́n lọ́tẹ̀ yìí." Ní ọjọ́rú a lọ sí ọjà, a sì yà lọ́dọ̀ alápatà kan tó so pheasant kọ́ ìta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ egungun àyà àwọn ẹyẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti ń ṣe ní ọjà Kútọ̀, ẹ̀rù sì bà mí pé alápatà yóò bínú. Ọkùnrin náà kàn dúró, ó ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n yan méjì tán, ó sọ fún mi pé ìyá yìí mọ ẹyẹ, nítorí pé èyí tí egungun àyà rẹ̀ ṣì rọ̀ ni ọ̀dọ́. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ní ṣé ó rò pé àná ni wọ́n bí àwọn ni.

Ó fẹ́ bá wa tu ìyẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti tu ú, wọ́n jókòó sórí àga kékeré, bàsíà omi gbígbóná wà níwájú wọn, àwọn ìbejì jókòó tì wọ́n lọ́tùn-ún lósì, òtútù ń mú gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wọlé. Irú àti epo ni mo fi sè é, gẹ́gẹ́ bí Bàbá Ọlọ́dẹ ti là á sílẹ̀. Adùn rẹ̀ wà láàárín ti adìẹ àti ti ẹtù. A rí ọta mẹ́ta, Táíwò gba méjì, ó dì wọ́n sínú bébà láti fi han olùkọ́ rẹ̀.

Fún àbúrò mi, mo fi adìẹ halal, ápù, àlùbọ́sà àti ata rodo kan ṣoṣo ṣe páì bíi fidget pie, bọ́tà ni mo fi po ìyẹ̀fun rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ òdodo, kì í ṣe fidget pie mọ́, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́ kù. Ápù tí mo rà fún un, irú èyí tó tóbi tó sì kan gan-an, Màmá ge ọ̀kan jẹ ní tútù, wọ́n di ojú, wọ́n ní ó rán àwọn létí àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n, wọ́n sì bu iyọ̀ sí èyí tó kù jẹ. Wàràkàṣì oníbúlúù ni wọn kò fẹ́ kí a gbé súnmọ́ àwọn rárá. Mutton ni mo pẹ́ jù láti pè fún, nítorí náà kò sí.

Aago èéfín ké lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ mi ló ń yan búrẹ́dì.

Bàbá Ọlọ́dẹ, ìbéèrè kan kù fún yín. A ra ejìká àgbọ̀nrín ní Bromfield ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó sì wà nínú fìríìsà wa báyìí pẹ̀lú egungun rẹ̀. Màmá ń padà sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ ogún oṣù yìí, wọ́n sì fẹ́ fi ẹ̀gúsí sè é kí wọ́n tó lọ. Ṣé kí n kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ kí n da omi rẹ̀ nù, tàbí omi náà ni kí n fi se ọbẹ̀?

Bàbá Ọlọ́dẹ (Wolverhampton):

Ẹ má da á nù! Ẹ fi se ẹ̀gúsí náà, kí ẹ kọ́kọ́ sẹ́ ẹ nítorí èérún egungun. Ẹ gbé ẹran náà kúrò nínú fìríìsà sínú fìríìjì ní ọjọ́ méjì ṣáájú, má jẹ́ kí Màmá rí i kí ó tó yọ́ tán, nítorí wọn kò ní dúró.